Kí Ẹ́ńjìnnì Má Kú Lójú Agbami

Omi méjì ni apẹja Ajido ń bá ṣe. Ọ̀kan ni ọ̀sà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìlú gan-an, omi gígùn tó ti apá Àjàṣẹ́ wá, tó gba Àgbádárìgì kọjá, tó sì ń bá tirẹ̀ lọ sí Èkó. Èkejì ni òkun, tó wà lẹ́yìn ilẹ̀ yanrìn tóóró tí igi àgbọn pọ̀ sí, ní òdìkejì ọ̀sà. Bí òkun ṣe sún mọ́ tó yìí, kò sí bí ènìyàn ṣe lè wa ọkọ̀ láti inú ọ̀sà bọ́ sínú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè Àgbádárìgì, nítorí ilẹ̀ yanrìn náà kò já níbì kankan. Èkó lápá ìlà-oòrùn àti Kútọ̀nu lápá ìwọ̀-oòrùn ni ẹnu tí ọ̀sà fi ń bá òkun pàdé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí omi méjèèjì, àfi kó ní ọkọ̀ kan síhìn-ín, kó ní òmíràn sọ́hùn-ún, kó sì máa ru ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọjá yanrìn.

Ohun tó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ nínú ọ̀sà yàtọ̀ sí ohun tó ń bà á jẹ́ lójú òkun. Ọ̀sà ní ẹrẹ̀, ó ní ewéko, ó ní ọ̀rá tí wọ́n sọ nù, ó sì ní akaja, ìyẹn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja máa ń rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè sá pamọ́ sí. Òkun ní iyọ̀, ó ní yanrìn, ó sì ní ìgbì tó ń fọ́ sétí ilẹ̀ tọ̀sán tòru. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń jẹ gbogbo ìyà yìí.

Irú ẹja pípa kan wà tó máa ń tú àṣírí ẹ́ńjìnnì tí wọn kò tọ́jú. Òun ni fífi ìwọ̀ wá ẹja pẹlẹbẹ, irú ẹja tó ń sùn sórí yanrìn nísàlẹ̀ omi. Ẹni tó ń wá a kì í wa ọkọ̀ lé e lórí. Yóò wa ọkọ̀ dé ibi tó fẹ́, yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò sì jẹ́ kí omi máa gbé ọkọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ bí òjé rẹ̀ ṣe ń wọ́ lórí yanrìn. Bí omi bá ti gbé e kọjá ibi tí ẹja wà, yóò tún fa okùn ẹ́ńjìnnì, yóò padà sókè, yóò tún pa á. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Láàárín ọjọ́ kan, ẹ́ńjìnnì yìí yóò kú, yóò jí, lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà míì tí afẹ́fẹ́ sì ti ń ti ọkọ̀ lọ sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá kọ̀ tí kò dáhùn nírú àkókò bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọ̀pá ìwọ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì fi jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa béèrè iye owó ọ̀pá tuntun nígbà tí kò tíì mọ ìgbà tí wọ́n yẹ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò gbẹ̀yìn.

Àwọn baba ńlá kò ní ẹ́ńjìnnì. Àjẹ̀, ọ̀pá àtukọ̀ àti aṣọ ìgbòkun ni wọ́n fi ń rìn. Ní ọdún 1909 ni Ole Evinrude, ọmọ bíbí ilẹ̀ Norway tó ń gbé ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n lè gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1970 ni ó di ohun tó gbilẹ̀ láàárín àwọn apẹja etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pàápàá ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Gánà. Àwọn apẹja Ewé láti apá Keta ní Gánà ti ń bá etíkun wa bọ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà, àwọn náà sì wà lára àwọn tí ènìyàn ń rí tí wọ́n ń fa àwọ̀n ńlá ní etí òkun títí dòní. Yamaha ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1960. Lónìí, bí ènìyàn bá dárúkọ ẹ́ńjìnnì létí omi láti Dakar dé Àgbádárìgì, Yamaha 40 ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ rò, èyí tí wọ́n ń pè ní Enduro: sílíńdà méjì, okùn fífà, kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, epo tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì ló ń mu. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé súpánà díẹ̀ àti ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ti tó láti tú u palẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn.

Omi ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ilẹ̀ ní ràdíétọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi, omi tí ọkọ̀ wà lórí rẹ̀ ló ń fà sókè láti fi tu ara rẹ̀ nínú. Ihò kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, lókè pùròpélà. Ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Nínú ẹsẹ̀ yẹn ni rọ́bà kékeré kan ń yí, tó ní ìyẹ́ mélòó kan, tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní ìmpélà. Òun ló ń ti omi sókè lọ sí ara sílíńdà. Bí omi náà ti ń jáde, díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa gba ihò tóóró kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tú síta, kí ọlọ́kọ̀ lè fojú rí i.

Omi tóóró yìí ni ó yẹ kí ẹni tó di ìdarí mú máa wò ṣáájú ohun gbogbo. Bí ó bá ń tú jáde pẹ̀lú agbára, ara ẹ́ńjìnnì tutù nìyẹn. Bí ó bá rọ̀, tó ń kán tó-tó-tó, nǹkan ti ń ṣe. Bí ó bá dá pátápátá, tí ọlọ́kọ̀ sì ń sáré lọ, pístìnì yóò gbóná, yóò wú, yóò sì lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà, gbogbo rẹ̀ kò sì ní pẹ́ rárá. Owó tí wọ́n máa fi tún irú rẹ̀ ṣe lè ra ìmpélà tí wọn yóò lò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó ń dí omi yìí lọ́wọ́ ní Ajido pọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ewéko tó ń léfòó lójú omi, olódòdó àwọ̀ elésè àlùkò, nínú ọ̀sà Àgbádárìgì. Omi apá Àjàṣẹ́ ló gbé e wọ Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, nígbàkigbà tí òjò bá pọ̀, tí odò Wẹ̀mẹ̀ ní Benin àti odò Yewa bá kún, omi dídùn yóò ti omi iyọ̀ sẹ́yìn, ewéko yóò sì bo ojú ọ̀sà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ láti ìhà Èkó yóò tún padà wọlé, ewéko náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, nítorí kò lè fara da iyọ̀ tó bá pọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ tó ń jábọ́ nígbà tó bá ń jẹrà ló ń lọ dí ihò ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rá omi mímu náà ń ṣe bákan náà, òun sì kì í jẹrà ní tirẹ̀.

Bí omi ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì bá dá, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ọlọ́kọ̀ dín iná kù, kó pa á, kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kó fọwọ́ yọ ohunkóhun tó bo ihò ìwọlé. Ìgbésẹ̀ kejì ni kó fi wáyà tín-ínrín tàbí okùn ìwọ̀ tó le gún inú ihò ìjáde, nítorí nígbà míì omi ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú, ẹrẹ̀ tàbí iyọ̀ ló kàn dí ẹnu rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ bu omi tútù lé ẹ́ńjìnnì gbígbóná lórí. Irin tó gbóná gan-an tí omi tútù bá já lù lójijì lè sán.

Bí kò bá sí èyí tó yanjú rẹ̀, ìmpélà ló kù. Mẹ́káníìkì tó mọ iṣẹ́ yóò tú nọ́ọ̀tì tó so ẹsẹ̀ mọ́ ara, yóò fà á sísàlẹ̀, yóò ṣí ilé ìmpélà, yóò sì fi rọ́bà náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ìyẹ́ tó ṣì dára, bí wọ́n bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, yóò ta padà. Èyí tó ti gbó yóò dùbúlẹ̀ síbi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Bí ìyẹ́ kan bá ti já, kò tó kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀ kí wọ́n sì pa á dé: wọ́n gbọ́dọ̀ wá ègé tó já náà rí, torí ọ̀nà omi lókè ló ti lọ há. Wọn yóò tún fi èékánná ra inú ife irin tí ìmpélà ń yí nínú rẹ̀. Bí èékánná bá kọ́ ojú ilà, yanrìn ti fá a nìyẹn, ìmpélà tuntun kò sì ní pẹ́ níbẹ̀ bí wọn kò bá pààrọ̀ ife náà pẹ̀lú. Ní omi tó mọ́, ìmpélà lè lo ọdún kan. Ẹni tó ń gúnlẹ̀ sórí yanrìn lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ retí bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe mìíràn tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti máa ṣe: wọn yóò gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ orí igi lórí ilẹ̀, wọn yóò fa okùn, wọn yóò sì jẹ́ kó máa pariwo kí oníbàárà lè gbọ́. Rọ́bà tó ń yí láìsí omi ń jóná láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kó wá dúrọ́ọ̀mù, kó pọn omi sí i, kó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn omi, ó kan epo. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kúrò nílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, iye lítà kan ní Èkó fò kúrò ní bíi náírà 185, ó lé ní 480, kò sì dúró síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì tí epo kò jóná dáadáa nínú rẹ̀ ti di ohun tó ń jẹ èrè ẹja tán. Àwọn kan wá ń dín ọ́ìlì kù kí owó lè tó. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà.

Ẹ́ńjìnnì irú Enduro kò ní ibi tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gbé. Èyí tí wọ́n bá pò mọ́ epo nìkan ló ń kùn pístìnì àti bẹ́arìn rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lò ni ìdá kan ọ́ìlì sí 50 epo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá ni kí ènìyàn tẹ̀ lé. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: jẹ́ríkàn lítà 25, ààbọ̀ lítà ọ́ìlì, lítà márùn-ún, mìlílítà 100. Ẹ́ńjìnnì tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí ń fẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́, ìyẹn ìdá kan sí 25. Ẹni tó bá fi ojú wọ̀n ọ́n, tó kàn ń da ọ́ìlì sí i títí àwọ̀ epo yóò fi yí padà, lè ṣe é jù tàbí kó dín. Bí ó bá pọ̀ jù, èéfín yóò bo ọkọ̀, pílọ́ọ̀gì yóò rẹ. Bí ó bá kéré jù, pístìnì ni yóò san gbèsè.

Irú ọ́ìlì náà ṣe pàtàkì. Ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi máa ń ní àmì TC-W3 lára agolo rẹ̀. Kò ní èròjà tó ń di eérú nínú sílíńdà. Ọ́ìlì ọ̀kadà àti ti mọ́tò ní irú èròjà bẹ́ẹ̀, wọn kò sì ṣe é fún ẹ́ńjìnnì tí omi ọ̀sà ń tu lára ní gbogbo ìgbà. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ti fà jáde nínú mọ́tò kò tilẹ̀ yẹ kó sún mọ́ ọn.

Omi inú epo ni ọ̀tá mìíràn. Jẹ́ríkàn tó sùn síta mọ́jú lásìkò òjò máa ń ní omi nísàlẹ̀, ìrì ló ń sẹ̀ sínú rẹ̀ tàbí òjò tó gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà ó máa ń rọlẹ̀ síbi tí hósì ti ń fà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń jẹ́ kí jẹ́ríkàn dúró jẹ́ẹ́, wọn yóò da epo gba inú àrọ tó ní asẹ́, wọn yóò sì fi èyí tó kù nísàlẹ̀ sílẹ̀ láìdà á. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ sinmi fún ọjọ́ púpọ̀, wọn yóò yọ hósì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, kó lè mu epo inú kábúrétọ̀ tán kó tó kú. Epo tó bá dúró pẹ́ níbẹ̀ yóò dì, yóò sì dí ojú ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fa okùn rẹ̀ títí èjìká yóò fi bó.

Pílọ́ọ̀gì ń jẹ́rìí sí gbogbo èyí. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ búráùn tó mọ́lẹ̀ ń sọ pé epo àti ọ́ìlì ń jóná bó ti yẹ. Èyí tó dúdú tó sì ń rin ọ́ìlì ń sọ pé ọ́ìlì pọ̀ jù, tàbí pé wọ́n ń wa ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú iná kékeré fún wákàtí púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń tẹ̀ lé ẹja lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ ṣe máa ń ṣe. Èyí tó funfun, tí ẹnu rẹ̀ dà bí pé ó ti yọ́, ni ó ń kéde ewu: epo kò tó, tàbí omi kò tu ú lára. Pílọ́ọ̀gì tuntun méjì nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, pẹ̀lú súpánà rẹ̀, kì í wúwo nínú ọkọ̀.

Iyọ̀ kò ní ariwo. Ẹ́ńjìnnì tó ti ojú òkun dé, bí wọ́n bá gbé e síbi gbígbẹ láìfi omi dídùn fọ̀ ọ́ nínú, iyọ̀ yóò gbẹ sínú ọ̀nà omi rẹ̀, yóò máa nípọn lójoojúmọ́ títí ọ̀nà náà yóò fi há. Ìwòsàn rẹ̀ kò gbówó lórí: dúrọ́ọ̀mù omi kànga, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná kékeré. Ó dunni pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò nítorí pé ẹja ń retí oníbàárà.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ yẹ ìdí pùròpélà wò. Okùn àwọ̀n àti okùn ìwọ̀ tó já máa ń wé mọ́ ọ̀pá rẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí ojú kò tó, yóò sì máa gé síìlì rọ́bà tó ń dí omi mọ́ gíà. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu nìyẹn: ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ yóò dùn, omi yóò sì ti kún ilé gíà. Àyẹ̀wò rẹ̀ ni kí wọ́n tú ìdè tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀, kí ọ́ìlì gíà díẹ̀ kán sínú ife. Bí ó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́. Gbogbo wákàtí 100 tàbí oṣù mẹ́fà ni ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà, bí kò tilẹ̀ ní àbùkù. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ tuntun sí i títí yóò fi yọ ní ihò òkè, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀.

Bí ìgbì bá wá gbé ẹ́ńjìnnì ṣubú sínú òkun ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló máa ń yọ ọ́, tí wọn yóò sá a sóòrùn kó gbẹ. Kò sí ohun tó lè yára pa á tó bẹ́ẹ̀. Inú omi, afẹ́fẹ́ kò tó nǹkan. Àfìgbà tí irin tó mu omi iyọ̀ bá kan afẹ́fẹ́ ni ìpẹtà ń ya bò ó. Kí wọ́n fi omi dídùn fọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n yọ pílọ́ọ̀gì, kí wọ́n fa okùn kí omi lè tú jáde ní sílíńdà, kí wọ́n gbọn kábúrétọ̀ gbẹ, kí wọ́n kán ọ́ìlì sínú sílíńdà, kí wọ́n sì gbìyànjú láti tan án lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí yanrìn bá ti wọ inú rẹ̀, tí okùn sì ń dún gíríjígírijí nígbà tí wọ́n ń fà á, kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n gbé e fún ẹni tí yóò tú u.

Ẹ̀wọ̀n tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀, okùn ìpaná tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè kú bí ènìyàn bá já sómi, àjẹ̀ méjì, ẹ̀wù afẹ́fẹ́ fún gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀: ìwọ̀nyí kò gba àlàyé.

Ó wá kan ẹja fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nínú ẹyin, ẹja pẹlẹbẹ kò yàtọ̀ sí ẹja yòókù, ojú kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bó ti ń dàgbà, ojú kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gba orí rẹ̀ kọjá títí yóò fi pàdé èkejì ní ẹ̀gbẹ́ kan. Yóò wá dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀gbẹ́ tí kò lójú, ẹ̀gbẹ́ yẹn yóò funfun, ẹ̀gbẹ́ òkè yóò mú àwọ̀ yanrìn. Yóò bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú méjèèjì nìkan ni yóò yọ síta, tí yóò máa ṣọ́ edé àti ẹja kéékèèké tó bá kọjá.

Oríṣi méjì ló yẹ kí apẹja etíkun wa mọ̀ yàtọ̀ síra. Àkọ́kọ́ ni èyí tó gùn, tó tóóró, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cynoglossus. Ó ń wọ inú ọ̀sà pàápàá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kéré, àwọ̀n ló ń mú un ju ìwọ̀ lọ. Èkejì ni Psettodes, tí ẹnu rẹ̀ tóbi tí eyín rẹ̀ sì mú. Kò fi gbogbo ara pẹlẹbẹ bí àwọn yòókù, ara rẹ̀ nípọn, ó sì lè dìde kúrò nílẹ̀ lépa ohun tó fẹ́ jẹ. Òun ni ẹja tí ìwọ̀ wà fún. Ìṣe rẹ̀ jọ ti èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní fluke, ẹja pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lé láti inú ọkọ̀ tí omi ń gbé lọ ní etíkun New York àti New Jersey nígbà ooru. Èyí tó wúwo jù nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni èyí tí Charles Nappi fi ọ̀pá fà ní Montauk ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1975. Ó lé díẹ̀ ní kílò mẹ́wàá. Níbí, òfin ẹja òkun Nàìjíríà ti ọdún 1992 fi máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́ láti etí ilẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án, sílẹ̀ fún àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kéékèèké, kò gba ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n nísàlẹ̀ láàyè níbẹ̀. Inú máìlì márùn-ún yìí ni ẹja pẹlẹbẹ tí ọwọ́ apẹja Ajido lè tó wà, ó sì yẹ kí ìjọba máa ṣọ́ ọ dáadáa.

Kí a tó sọ̀rọ̀ ọ̀pá, ó tọ́ kí a fún okùn ọwọ́ ní ọ̀wọ̀ rẹ̀. Apẹja tó gbé okùn lé ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀: òjé tó wọ ẹrẹ̀, òjé tó kan òkúta, ẹja tó fẹnu kàn án tó sì tún fi sílẹ̀. Kò sí ọ̀pá tó lè ju ìyẹn lọ. Àǹfààní ọ̀pá wà níbòmíràn. Ó ń tẹ̀ nígbà tí ẹja bá jà, kò sì jẹ́ kí okùn já tàbí kí ìwọ̀ fa ẹnu ẹja ya. Ó sì ń gba ọwọ́ là, nítorí okùn tín-ínrín ń la àtẹ́lẹwọ́.

Ohun èlò méjì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá òde òní. Fáíbà gíláàsì wúwo díẹ̀, ó ń tẹ̀ gan-an, ó sì ní ìfaradà. Kábọ́nù fúyẹ́, ó le, ó ń gbé ìró láti ìsàlẹ̀ wá sọ́wọ́ kíákíá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbá a mọ́ etí ọkọ̀ tàbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò sán níbi tí ojú kò tó, ọjọ́ tí ẹja ńlá bá fà á ni yóò kán. Ìyàtọ̀ yìí ló yẹ kó darí ẹni tó ń ná owó. Nínú ọkọ̀ onígi tí àwọ̀n, ẹ̀wọ̀n, jẹ́ríkàn àti ẹsẹ̀ ènìyàn mẹ́rin jọ wà, fáíbà gíláàsì tàbí èyí tí wọ́n fi méjèèjì ṣe pọ̀ ni ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó bá ní ibi tí yóò máa gbé ọ̀pá kọ́ lè ra kábọ́nù, ìyàtọ̀ rẹ̀ yóò sì hàn sí i lọ́wọ́. Kábọ́nù máa ń gbé iná mànàmáná. Bí òjò bá ti ń ṣú, tí àrá ń sán, kí wọ́n gbé e sílẹ̀.

Gígùn ọ̀pá tó bá inú ọkọ̀ mu jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀ sí méje. Èyí tó bá gùn jù yóò máa gbá àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ lójú òkun, tó dúró sórí yanrìn, ń fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 11 sí 13, kó lè ju òjé kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Lókè ibi ìdìmú ni wọ́n máa ń kọ agbára okùn àti ìwọ̀n òjé tí ọ̀pá lè gbé sí. Kí ènìyàn kà á kó tó sanwó. Lẹ́yìn èyí, kó fi okùn gba gbogbo òrùka rẹ̀, kí ẹlòmíràn di ìdí okùn mú nísàlẹ̀, kó wá gbé ọ̀pá sókè. Orí ọ̀pá tó dára fún ẹja pẹlẹbẹ yóò kọ́kọ́ tẹ̀, kó lè máa tẹ̀ lé òjé bí ìgbì ṣe ń gbé ọkọ̀ sókè sódò, ìdajì ìsàlẹ̀ yóò sì dúró gbọin, torí ibẹ̀ ni agbára tí yóò gbé ẹja kúrò nílẹ̀ wà.

Okùn híhun tín-ínrín ju okùn ọ̀rá tó ní agbára kan náà lọ, kì í nà, omi kì í sì í rí i tì púpọ̀, nítorí náà òjé tó fúyẹ́ yóò dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kí wọ́n so okùn ọ̀rá tó nípọn bíi mítà kan mọ́ ẹnu rẹ̀, nítorí eyín Psettodes. Òfin òjé kò ju ọ̀kan lọ: èyí tó fúyẹ́ jù tó ṣì lè kan ilẹ̀. Gíráàmù 60 lè tó lọ́jọ́ tí omi bá rọ̀. Lọ́jọ́ tí omi bá ń ṣàn, ó lè di 120. Ìjẹ tó dára ni ègé ṣáwá gígùn, tí wọ́n gé tóóró kó lè máa jó nínú omi. Ẹja yìí sábà máa ń kọ́kọ́ gé ìrù ìjẹ mú. Ẹni tó bá já a gbà lójú ẹsẹ̀ yóò fa ìwọ̀ òfo. Kó rẹ orí ọ̀pá sílẹ̀ díẹ̀, kó kà dé ẹ̀ta tàbí ẹ̀rin, kó wá gbé e sókè pẹ̀lẹ́. Ìwọ̀ olóbìírípo, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wọnú, máa ń ran èyí lọ́wọ́, nítorí igun ẹnu ẹja ni òun fúnra rẹ̀ ń lọ kọ́, kì í sábà wọ inú ọ̀fun. Ẹja kékeré tí wọ́n bá fi irú ìwọ̀ yìí mú lè padà sómi láàyè.

Nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì wà nínú dúrọ́ọ̀mù omi dídùn, ọ̀pá àti ẹ̀rọ tó ń ká okùn rẹ̀ náà ń fẹ́ omi. Wíwọ́n ni kí wọ́n wọ́n omi sí ẹ̀rọ náà lára. Omi tó bá tú sí i pẹ̀lú agbára yóò ti iyọ̀ wọ inú bẹ́arìn. Kí wọ́n wá mú òwú díẹ̀, kí wọ́n fà á gba inú òrùka ọ̀pá lọ́kọ̀ọ̀kan. Òrùka tí òwú bá kọ́ nínú rẹ̀ ti sán, yóò sì gé okùn bó pẹ́ bó yá. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó tún wọ ojú omi.